Ìbéèrè Òǹkàwé: Àdírẹ́sì Oníbàárà Tí A Kò Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Lẹ́tà tó dá lórí àdírẹ́sì oníbàárà pọ̀ nínú àwọn èyí tí ẹ kọ sí wa láìpẹ́ yìí, a sì pinnu láti fi gbogbo àyè wa dáhùn márùn-ún nínú wọn. A ti gé wọn kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n àti ti iléeṣẹ́ wọn kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Lọ́dọọdún la máa ń fi ìròyìn ìnáwó àti ìwé ìpè sí ìpàdé gbogbogbòò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, lọ́dọọdún náà sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń padà wá bá wa. Ìgbà kan wà tí a gba òṣìṣẹ́ kan tó jókòó ti gbogbo àdírẹ́sì náà títí ó fi tún wọn tò tán. Inú wa dùn, a rò pé wàhálà ti parí, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn lẹ́tà tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dára ni, àbí kí a tún gba ẹlòmíràn? (Akọ̀wé ẹgbẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá òṣìṣẹ́ yẹn lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ péye lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kì í dúró lójú kan. Láti ọjọ́ tí a bá ti kọ ọ́ ló ti ń gbó. Àwọn ènìyàn ń kó lọ síbòmíràn, ọmọ ń kúrò nílé òbí, tọkọtaya ń pínyà, oníṣòwò ń gba ilé tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà mìíràn pàápàá, ẹni náà kò kúrò níbi tó wà, àdírẹ́sì rẹ̀ ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́: ìjọba lè sọ òpópónà lórúkọ tuntun, wọ́n sì lè tún nọ́ńbà ilé kọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1993, orílẹ̀-èdè Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tuntun oní-nọ́ńbà márùn-ún jákèjádò ilẹ̀ náà, lẹ́yìn tí apá ìlà-oòrùn àti apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ti padà di ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kóòdù tó wà nínú ìwé gbogbo iléeṣẹ́ tó ní oníbàárà níbẹ̀ di ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà náà kò gbé ẹrù kan jáde nílé.

Nítorí náà, ẹ má tún gba ẹlòmíràn pé kó wá ṣe àtúntò ńlá tí ẹ ó tún gbàgbé lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú dátábéèsì yín báyìí. Ẹ ó rí orúkọ, nọ́ńbà ilé, òpópónà àti ìlú. Ó ṣòro kí ẹ rí ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ náà gbẹ̀yìn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni lẹ́tà lè bá òun. Àdírẹ́sì tí kò bá ní ọjọ́ lára, àgbọ́sọ ni: ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ láìṣe pé ẹ kọ́kọ́ náwó fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ fi àlàfo mẹ́ta kún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí a jẹ́rìí sí àdírẹ́sì náà gbẹ̀yìn; ọ̀nà tí a gbà jẹ́rìí sí i, ìbáà ṣe lórí fóònù, nínú fọ́ọ̀mù, ní ìpàdé tàbí láti ilé ìfìwéránṣẹ́; àti ipò tó wà, ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́, pé iyèméjì wà lórí rẹ̀, tàbí pé lẹ́tà ti padà láti ibẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín o. Kọ̀ǹpútà a máa kọ ọjọ́ tí ẹnìkan gbẹ̀yìn fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì ń ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ ìjẹ́rìísí. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Bí akọ̀wé kan bá tún sípẹ́lì orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lánàá, ọjọ́ àná ni kọ̀ǹpútà yóò gbé jáde, nígbà tó jẹ́ pé ó lè ti tó ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ti bi ọmọ ẹgbẹ́ náà léèrè ibi tó ń gbé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè nípa àdírẹ́sì wọ inú gbogbo ohun tó bá ti pa ẹ̀yin àti ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀: ìgbà tó wá san owó, ìgbà tó wá tọrọ ẹ̀yáwó, ìgbà tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé. Bí ọjọ́ ìjẹ́rìísí bá ti lé ní ọdún kan, kí kọ̀ǹpútà rán òṣìṣẹ́ létí láti béèrè. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi ẹni náà sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má baà sú àwọn ènìyàn. Ọ̀nà tí a gbà béèrè sì ṣe pàtàkì gidigidi. Òṣìṣẹ́ tó bá ka àdírẹ́sì jáde, tó wá ní, “Ṣé ibẹ̀ náà lẹ ṣì wà?” ti ṣe àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ń kánjú yóò kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bó bá sì jẹ́ pé àjèjì ló wà lórí fóònù, a ti júwe ilé onílé fún un. Ohun tó yẹ kí ó sọ ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ kí lẹ́tà yín máa bá yín fún mi,” kí ó sì fi ohun tó gbọ́ wé ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi iṣẹ́ yìí lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ ẹni náà. Níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè yí àdírẹ́sì padà, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè nígbà tó bá bàjẹ́, àlàfo mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè yìí yóò wà lófìfo ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń fún àwọn ènìyàn ní káàdì ìsanwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń dáhùn fóònù àwọn oníbàárà. Àṣẹ tí wọ́n fún wa ni pé kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà dúró. Àyà mi ń já, nítorí ẹni tó bá ti mọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ènìyàn lè pè wá. Báwo ni a ṣe lè ṣe é tí oníbàárà kò fi ní bínú, tí a kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún olè? (Òṣìṣẹ́ orí fóònù)

ÌDÁHÙN: Ìbẹ̀rù yín tọ̀nà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Oníjìbìtì tó fẹ́ gba káàdì ẹlòmíràn kì í kọ́kọ́ béèrè káàdì. Yóò kọ́kọ́ pè láti sọ pé òun ti kó kúrò níbi tí òun wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò tún pè pé káàdì òun ti sọnù, kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Bí a bá wo ìpè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sí èyí tó mú ìfura dání, ìgbà tí a bá so wọ́n pọ̀ ni ojú tó mọ̀ ọ́n. Nítorí èyí ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sọ pé, bí ìyípadà àdírẹ́sì bá wọlé, tí ìbéèrè fún káàdì tuntun sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, ó kéré tán, iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi káàdì náà ránṣẹ́ títí yóò fi rí i dájú pé ìyípadà náà jẹ́ òótọ́. Bí òfin ilẹ̀ tí ẹ wà kò bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di òfin iléeṣẹ́ yín.

Ní ti oníbàárà tó wà lórí fóònù, ẹ kò nílò láti bá a jiyàn. Ẹ gba àdírẹ́sì tuntun náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi sí ipò “a ń dúró de ìjẹ́rìísí”. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é padà lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yí àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì padà lọ́jọ́ kan náà, kò sí ọ̀nà tí ẹ lè fi bá oníbàárà àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó di ṣíṣe.

Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbi méjèèjì. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ènìyàn bá sọ fún wọn pé òun ti kó, wọn a kọ̀wé sí ilé àtijọ́ àti sí ilé tuntun, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí lẹ́tà rẹ̀ lè tètè gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Lẹ́tà tó ń lọ sí ilé àtijọ́ kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ilé tuntun wà. Obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú ti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà lọ́dọ̀ yín kí ọkọ náà má baà rí i. Bí lẹ́tà yín bá kọ òpópónà tuntun náà síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mú ọkọ náà lọ bá a. “A ti gba ìsọfúnni pé ẹ fẹ́ yí àdírẹ́sì yín padà, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ pè wá kíákíá” ti tó. Nítorí ìdí yìí kan náà ni ẹ kò gbọdọ̀ fi yí àdírẹ́sì ìyàwó padà kìkì nítorí pé ọkọ ti yí tirẹ̀, kódà bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, tí wọ́n sì ti jọ ń gba lẹ́tà pọ̀ fún ogún ọdún.

Ẹ má sì pa àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ́ nígbà tí tuntun bá wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí i, kí ẹ fi orúkọ òṣìṣẹ́ tó yí i padà síbẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọdún kan, inú ìtàn yẹn nìkan ni ẹ ti lè mọ ibi tí lẹ́tà kan lọ lọ́jọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa ní kí n pa gbogbo oníbàárà tí lẹ́tà wọn bá ti padà rẹ́ kúrò nínú dátábéèsì. Ó ní òfin Yúróòpù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? (Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá yín gbọ́ apá kan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní GDPR, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, sọ ní abala 5 pé ìsọfúnni nípa ènìyàn gbọ́dọ̀ péye, àti pé èyí tí kò bá péye, kí a pa á rẹ́ tàbí kí a tún un ṣe láìjáfara. “Tàbí kí a tún un ṣe” ni ọ̀gá yín fò. Bí oníbàárà náà bá ní owó lọ́dọ̀ yín, tàbí tí ẹ jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ kan, pípa á rẹ́ kò jẹ́ kí ìsọfúnni yín péye, ó kàn sọ ẹni náà nù ni.

Ẹ dá lẹ́tà dúró, kí ẹ kọ ọjọ́ tó padà, kí ẹ sì ka ohun tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ sára àpò lẹ́tà náà, nítorí ìdí kan kò jọ ìkejì. “Ó ti kó lọ” túmọ̀ sí pé kí ẹ wá a lórí fóònù tàbí ímeèlì. “Kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀” sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. “Kò wá gbà á” kò tilẹ̀ sọ pé àdírẹ́sì náà kò dára.

Ẹ má sì rò pé lẹ́tà tí kò padà ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé lè ti jù ú nù. Yàtọ̀ sí èyí, ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa darí lẹ́tà ẹni tó kó lọ sí ilé rẹ̀ tuntun fún ìgbà díẹ̀. Oṣù 12 ni wọ́n fi ń ṣe é fún lẹ́tà tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní gbogbo àkókò yẹn, lẹ́tà yín ń dé, ọkàn yín balẹ̀, bẹ́ẹ̀ àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ yín ti kú. Ìgbà tí àkókò náà bá pé ni gbogbo rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà lójijì, ẹ ó sì máa rò pé àná ni oníbàárà kó. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ìjẹ́rìísí fi sàn ju kí a jókòó máa retí lẹ́tà tó ń padà lọ.

ÌBÉÈRÈ: A ní oníbàárà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Fọ́ọ̀mù wa kò gbà kí a tẹ̀ síwájú bí a kò bá kọ ìpínlẹ̀ àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ oní-nọ́ńbà, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ń tẹ òdo márùn-ún síbẹ̀. Ǹjẹ́ ó burú? (Alákòóso títà ọjà)

ÌDÁHÙN: Ó burú, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yín ló jẹ̀bi. Hong Kong kò ní kóòdù ìfìwéránṣẹ́ rárá. Ní Ireland, ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiwọn jáde, ó sì pa lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Japan, tí wọ́n bá ń kọ àdírẹ́sì ní èdè wọn, agbègbè tó tóbi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kan ilé. Fọ́ọ̀mù tó bá fi dandan mú gbogbo ayé kọ àdírẹ́sì lọ́nà kan ṣoṣo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yan orílẹ̀-èdè, kí ìyókù fọ́ọ̀mù sì tẹ̀ lé ìlànà ibẹ̀. Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, UPU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1874, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Bern, máa ń tẹ ìlànà àdírẹ́sì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ ó sì rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ń lo Excel, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to orúkọ àti nọ́ńbà sínú àtẹ, ẹ yẹ kóòdù àwọn oníbàárà yín tó wà ní apá àríwá-ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wò lónìí. Òdo ló bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú kóòdù ibẹ̀. Ní ìlú Boston, 02108 wà lára wọn. Excel á kà á sí iye owó tàbí iye ọjà, á gé òdo iwájú dànù, 2108 ni yóò kù sínú ìwé yín. Ẹ sọ òpó tí àwọn kóòdù wà nínú àtẹ náà di ti ọ̀rọ̀ lásán kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pẹ̀lú pé ìlà àdírẹ́sì kì í ṣe ibi àkíyèsí. “Ó ti kó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀” tí wọ́n bá kọ sábẹ́ orúkọ òpópónà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò tẹ̀ sára àpò lẹ́tà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni mí o. Ọkọ mi ti jáde láyé. Mo ti sọ fún iléeṣẹ́ kan tí olóògbé jẹ́ oníbàárà wọn, wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́tà wọn ṣì ń wá, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni ọgbẹ́ náà ń jẹ́ tuntun. Kí ni mo lè ṣe? (Opó kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara fẹ́ra kù, màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ti yọ orúkọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ló ti yọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ẹ̀ka ìṣirò owó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀ka ìpolówó ní tirẹ̀, ẹnìkan ti da orúkọ oníbàárà kọ sínú Excel sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé kan tún wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn tẹ lẹ́tà. Ẹ kọ lẹ́tà kan sí wọn, ẹ fi nọ́ńbà oníbàárà tó wà lókè lẹ́tà wọn síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí bàbá jáde láyé, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá lẹ́tà dúró nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wọn, títí kan ti àwọn tó ń bá wọn tẹ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì, kí òṣìṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́. Bó bá rẹ̀ yín láti kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ìbátan kan bá yín kọ ọ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléeṣẹ́, orí ibì kan ṣoṣo ni kí àdírẹ́sì máa gbé, kí gbogbo ẹ̀ka sì máa lọ mú un níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé. Ìwé orúkọ tí ẹ bá kó jáde fún iṣẹ́ kan, ẹ pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, kí ẹ sì rí i pé àwọn tó ń bá yín tẹ̀wé pa tiwọn rẹ́ pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ olóògbé kò ní parẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ogún lè wà nílẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ ikú sí i, kí kọ̀ǹpútà má lè tẹ orúkọ náà sára lẹ́tà kankan mọ́. Ohun tó bá sì kù tí ẹ ní láti bá ìdílé náà sọ, kí ènìyàn kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ẹni tó ṣì wà láàyè, ní orúkọ ẹni náà gan-an.